Ìwé Ọkọ̀ Àlòkù: Ohun tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ ní Àbújá

Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Garki ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ mi sì ni kíkọ ìwé àdéhùn fún àwọn tó fẹ́ ta ọkọ̀ tàbí tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù. Nítorí pé ọmọ Yorùbá ni mí, àwọn ará wa tó wà ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Gwarinpa a máa pè mí kí wọ́n tó sanwó, pé kí n bá wọn wo ìwé ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà. Èmi náà ti ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nílùú yìí, bí mo sì ṣe ń yẹ ti àwọn ẹlòmíràn wò ni mo ṣe yẹ tèmi wò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti mẹkáníìkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rú èéfín, ẹlòmíràn ni yóò sọ ìdí rẹ̀. Ti ìwé ni mo mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí jẹ́ kó yé mi ni pé gbólóhùn tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn jù, pé "pátíkúlà rẹ̀ pé", kò tíì dáhùn ìbéèrè ẹni tó fẹ́ rà. Wọn a na àpò ọ̀rá kan síni, láìsẹ́ńsì ọdọọdún a wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó a wà níbẹ̀, ìwé ìnṣọ́ránsì a sì wà níbẹ̀, gbogbo wọn tuntun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tirẹ̀ ni ìwé kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Láìsẹ́ńsì ń sọ pé wọ́n ti san owó ọdún yìí. Kò sọ ẹni tó ni ọkọ̀, nítorí pé ẹni tó bá mú ti èṣí dání lè lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ àwọn aṣojú tó wà káàkiri ìgboro, tí ọlọ́kọ̀ gan-an kò sì ní gbọ́ sí i. Ìnṣọ́ránsì tí òfin sọ di dandan, èyí tí owó rẹ̀ fi ₦5,000 sílẹ̀ tí ó di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ń sọ pé bí ọkọ̀ náà bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, ilé-iṣẹ́ kan yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn náà kò sọ ẹni tó ni ọkọ̀. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ìwé ẹ̀rí ọlọ́kọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní proof of ownership, nítorí pé orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì máa ń wà lójú rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ tí ìjọba kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ni ìwé yìí ń sọ. Bóyá ẹni tó ni orúkọ náà ló ń ta ọkọ̀ yìí lónìí, ìwé náà kò lè sọ ìyẹn fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń fi kojú ara wọn: irin, ìwé àti ènìyàn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń sọ ohun kan náà, mo lè jókòó kọ àdéhùn. Bí ọ̀kan bá ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo máa ń ní kí ẹni tó fẹ́ rà á fi owó rẹ̀ sápò ná, kódà bí ẹni tó ń tà á bá ń sọ pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò tíì mọ ọkọ̀ kan tí "ẹlòmíràn" kì í ń bọ̀ wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́.

Ara irin ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti tún ìwé tẹ̀ ju láti tún irin lù lọ. Ẹyọ mẹ́tàdínlógún ni nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ òde òní, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n pa pọ̀, lẹ́tà I, O àti Q kò sì sí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Bí mo bá rí O nínú nọ́ńbà ṣáásì tó wà lójú ìwé kan, ó ti yé mi pé yálà ẹni tó tẹ ìwé náà ló ṣì í tẹ̀, tàbí kí ìwé náà má ṣe ojúlówó. Ẹyọ àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀: J jẹ́ ti Japan, W jẹ́ ti Jámánì, 2 jẹ́ ti Kánádà, 1, 4 àti 5 sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, irú èyí tó pọ̀ láàárín àwọn tòkúnbọ̀ tí à ń rà, ẹyọ kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń lọ. Nọ́ńbà yìí máa ń hàn láti ìta gíláàsì iwájú, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ní ìhà awakọ̀. Ó máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Wọ́n sì máa ń lù ú mọ́ ara irin fúnra rẹ̀, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lábẹ́ àga, ó dá lórí irú ọkọ̀. Gbogbo ibi wọ̀nyí ló yẹ kí ènìyàn tan iná sí.

Arákùnrin kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ń ṣiṣẹ́ ní Jabi, mú mi lọ wo Corolla kan ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lójú ọ̀nà Kubwa. Alájì tó ń tà á sọ pé ti 2011 ni, ẹyọ kẹwàá tó wà nínú gíláàsì sì jẹ́ B lóòótọ́. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́kọ̀ náà sì bá ti inú gíláàsì mu látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bó bébà ẹnu ọ̀nà kúrò, nígbà tí a sì nu èyí tí wọ́n lù mọ́ ara irin, 9 la bá níbẹ̀, àwọn ẹyọ tó tẹ̀lé e náà kò sì jọra. Mo ní, "Alájì, ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe jẹ́ pé nọ́ńbà inú gíláàsì kò bá ti ara irin mu?" Ó ní ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí, wọ́n sì ra dáṣíbọ́ọ̀dù mìíràn sí i ní abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Apo. Ó lè jẹ́ òótọ́. Wọ́n ń pààrọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ ní Apo. Ohun tí kò ṣe é gbà ni pé dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n pààrọ̀ ni ìwé tẹ̀lé. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó ti ní ìwé, nọ́ńbà ara irin ló yẹ kí ó wà lójú ìwé náà títí dòní. A kí Alájì, a sì wá ọ̀nà lọ.

Ti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á fi rìsíìtì ẹ́ńjìnnì náà hàn, kí ó sì jẹ́ pé ó ti fi àyípadà náà tó ìjọba létí. Àwọn ọlọ́pàá ní àkọsílẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní CMR, tí wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ ọkọ̀ tí wọ́n jí, ọkọ̀ tó pààrọ̀ àwọ̀ àti ọkọ̀ tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò ní in ní oṣù keje ọdún 2024, ariwo pọ̀, wọ́n sì dá a dúró díẹ̀ láti fi la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa owó rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ jàǹfààní nínú rẹ̀ ju ẹni tó ti ní ọkọ̀ lọ.

Lẹ́yìn irin ni nọ́ńbà ọkọ̀. Irú èyí tí a ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC, ló sì ń ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀: ABC àti ABJ jẹ́ ti ìgboro Àbújá, BWR ti Bwari, KUJ ti Kuje, GWA ti Gwagwalada. Àwọ̀ lẹ́tà náà ní ohun tó ń sọ: búlúù ni ti àdáni, pupa ni ti ọkọ̀ akérò, àwọ̀ ewé ni ti ìjọba. Ènìyàn lè tẹ nọ́ńbà náà sí ojúlé FRSC lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó rí irú ọkọ̀ tí wọ́n fi í fún. Kò gba àkókò, mo sì máa ń ṣe é níbi tí ọkọ̀ náà wà, kí n tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn ló jáde lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù ni ti ènìyàn. Ní ìlú wa, ọ̀pọ̀ tó bá ra ọkọ̀ kì í yí orúkọ padà; rìsíìtì ni wọ́n ń gbà, wọn a sì máa fi orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tún láìsẹ́ńsì ṣe títí wọn yóò fi tà á. Nípa bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kan lè ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin kí orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sì ṣì wà lójú ìwé. Òfin kò kà á sí olè, ṣùgbọ́n àṣà yìí sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó fẹ́ rà láti tọ ipasẹ̀ orúkọ kan dé òmíràn, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kó o wọlé títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ìwé kan gbọ́dọ̀ so orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Ibi tí ó bá ti já ni wàhálà máa ń gbà wọlé.

Mo rántí Honda kan tí dìláàlì kan, ìyẹn alágbàtà ọkọ̀, mú wá láti Kàdúná. Orúkọ obìnrin kan ní Ìlọrin ló wà lójú ìwé. Mo béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀, dìláàlì náà sì rò pé mo fẹ́ fi falẹ̀ ni. A pè é. Ìyáàfin náà dáhùn, ó ní òun ta ọkọ̀ náà fún ẹnì kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì fún wa ní nọ́ńbà onítọ̀hún. Onítọ̀hún náà sọ ẹni tó tà á fún ní Kàdúná, ó sì fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ yóò fi lẹ́, gbogbo orúkọ ti so mọ́ra, ọkọ̀ náà sì ń rìn lọ́wọ́ ẹni tó rà á títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé dìláàlì ló sọ pé ẹni àkọ́kọ́ "ti lọ sí Kánádà" tí kò sì sí nọ́ńbà tó wọlé, mo máa ń béèrè ìwé tí ẹni náà fọwọ́ sí kí ó tó lọ. Ó yà mí lẹ́nu bí iye àwọn tó ti lọ sí Kánádà ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn tó ti ni ọkọ̀ rí.

Ti ìwé ibodè ni àwọn tó ń rà kì í fẹ́ da ara wọn láàmú lé lórí, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nílùú. Wọ́n á ní, ọkọ̀ tó ti ní nọ́ńbà láti ọjọ́ yìí, kí ni kọ́sítọ́ọ̀mù tún ń wá lára rẹ̀? Nọ́ńbà ọkọ̀ kò fi hàn pé wọ́n san owó ibodè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ṣẹ́kù fún ẹni tó fẹ́ ṣe é bó ṣe tọ́. Gbogbo ẹni tó ń gbé ní Àríwá ló sì mọ̀ pé ọkọ̀ ṣì ń gba inú igbó wọlé láti orílẹ̀-èdè Niger àti Benin, tí wọn a gba nọ́ńbà, tí wọn a sì gbé e wá sí Àbújá, níbi tí iye rẹ̀ yóò ti fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn aṣọ́bodè lè dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì gbé e lọ. Ẹni tí ó bá wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ni òfò já lé lórí.

Nítorí èyí, mo máa ń béèrè ìwé SGD, tí wọ́n fi sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé ọkọ̀ ti dé, àti ẹ̀rí owó tí wọ́n san ní báńkì. Lójú SGD ni a ti máa ń rí orúkọ ẹni tó kó o wọlé, nọ́ńbà ṣáásì, èbúté tó gbà wọlé àti nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C. Nọ́ńbà C yìí ni ènìyàn ń mú lọ sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù láti bi wọ́n bóyá ó wà nínú ẹ̀rọ wọn. Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀, tàbí kí ó rán ẹni tirẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ẹni tó ń tà á bá fà lé e lọ́wọ́. Mo tún máa ń fi ọjọ́ tó wà lójú SGD wé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti san owó ibodè kí ọkọ̀ tó gba nọ́ńbà. Bí ti ibodè bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ tán, nítorí pé ní 2024 ìjọba ṣí ààyè ọjọ́ 90 sílẹ̀ fún àwọn tí ìwé ọkọ̀ wọn kò péye láti wá san án pẹ̀lú owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ bá àkókò yẹn mu, ìtanràn náà sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé.

Àwọn irú ọkọ̀ kan wà tí Àbújá fi yàtọ̀ sí ìlú mìíràn. Ọ̀kan ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ òkèèrè. Wọn a máa dára, wọn a sì máa ní ìwé ìtọ́jú tó péye, ṣùgbọ́n láìsan owó ibodè ni wọ́n ṣe kó wọn wọlé, nítorí ẹ̀tọ́ tí àwọn aṣojú ní. Nígbà tí wọ́n bá tà á fún ẹni tí kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, owó ibodè náà di sísan. Kí ènìyàn béèrè ta ni yóò san án, kí ó sì rí i ní sísan, kí ó tó dá sí iye ọkọ̀. Èkejì ni ọkọ̀ ìjọba tí wọ́n lù ní gbàǹjo. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ ìjọba náà fi sọ pé àwọn ta ọkọ̀ yìí, tí nọ́ńbà ṣáásì sì wà nínú rẹ̀, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní òun ra ọkọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tí kò sì ní ìwé gbàǹjo, kò tíì ní ohun tí yóò tà.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tí wọ́n fi yá owó. Ìlú òṣìṣẹ́ ni Àbújá, ọ̀pọ̀ ló sì fi owó báńkì ra ọkọ̀. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní ibi àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní National Collateral Registry, tí òfin ọdún 2017 sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, níbi tí àwọn ayánilówó ti ń kọ ohun tí wọ́n fi dúró fún gbèsè sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wá inú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń wá a bí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń tètè fẹ́ gbowó, mi ò sì rò pé ìyẹn jẹ́ àìgba ènìyàn gbọ́.

Èyí tó nira jù fún mi láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọkọ̀ olóògbé. Màmá kan fẹ́ ta ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, gbogbo ìwé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ó sì ń wá. Mo ní kí ẹni tó fẹ́ rà á dúró dìgbà tí ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún yóò fi jáde láti ilé-ẹjọ́. Inú Màmá bí sí mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, n kò ní kí ẹ má tà á. Bí àbúrò Bàbá bá yọjú lọ́la, ìwé yìí ni yóò gbèjà ẹ̀yin gan-an." Wọ́n gba ìwé náà nígbà tó yá, orúkọ wọn àti ti ọmọ wọn àgbà sì ni a fi kọ àdéhùn.

Ìdí tí mo fi ń le koko tó báyìí wà nínú òfin. Òfin ọjà títà ti ọdún 1893, èyí tí a ṣì ń lò ní Àríwá, sọ pé ẹni tí kò ni nǹkan kò lè fi í ṣe ti ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹni tó rà á san owó tó. Bí ọlọ́kọ̀ gan-an bá dé, yóò gba ọkọ̀ rẹ̀, ẹni tó rà á a sì máa wá ẹni tó tà á kiri. Bí ó bá tún hàn pé ẹni tó rà á mọ̀ pé nǹkan kò dán mọ́rán, Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn, wà fún ẹni tó gba ohun olè. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú òfin: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti bá ara mu, ti owó kù díẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kí wọ́n san án láti báńkì sí báńkì, sínú àkáǹtì tó ní orúkọ ẹni tó ń tà á, kì í ṣe ti dìláàlì tàbí ti "àbúrò mi". Wọ́n á fún wa ní ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, àwọn ojúlówó ìwé á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, ẹlẹ́rìí méjì á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tó rà á lọ yí orúkọ padà lọ́dọ̀ àwọn VIO, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ní Mabushi láìjáfara, àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá bákan náà.

Ẹni tó ta ọkọ̀ gan-an ló yẹ kí ó máa lé e lẹ́yìn pé kí ó lọ yí i padà. Òṣìṣẹ́ kan ní Karu ta ọkọ̀ rẹ̀, ẹni tó rà á kò sì yí orúkọ padà. Ọlọ́pàá pè é láti Lọ́kọ́ja, wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ kọlu ènìyàn, ó sì sá lọ. Ìwé àdéhùn tí a kọ fún un ló gbé lọ bá wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ tí ó ta ọkọ̀ náà gan-an, ohun tí wọ́n sì ń bi í ni pé ṣé kí ó tó tà á ni àbí lẹ́yìn tó tà á. Àkókò tó wà lójú ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ báńkì ló gbà á sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ wákàtí tí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì sínú gbogbo àdéhùn tí mo bá kọ, tí àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.